Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Eré Orí Ìtàgé ní Ìlú Ọba: Ilé Eré, Òṣèré àti Tíkẹ́ẹ̀tì

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ tíátà bá ṣẹlẹ̀ láàrin àwa ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tàbí láàrin àwọn òbí tó wá kí ọmọ wọn láti ilé, ìbéèrè kan náà ló máa ń jẹyọ. Mo kó wọn jọ síbí. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó le wà nísàlẹ̀.

Ṣé West End nìkan ni tíátà Ìlú Ọba?

Rárá o. West End ni àdúgbò àárín gbùngbùn Lọ́ńdọ̀nù, ní agbègbè Shaftesbury Avenue, Covent Garden, Haymarket àti Strand, níbi tí nǹkan bí 40 ilé eré ńláńlá ti fara kọ́ra. Ilé eré olówò lọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tó gbé eré síbẹ̀ ń wá èrè. Bí òǹwòran bá dínkù, wọ́n á palẹ̀ eré mọ́, wọ́n á gbé òmíràn wọlé.

Ní ìsọdá odò Thames ni National Theatre, Old Vic, Young Vic àti Shakespeare's Globe wà. Royal Court wà ní Sloane Square, Almeida wà ní Islington, Bush wà ní Shepherd's Bush. Bí ẹ bá kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù, Crucible wà ní Sheffield, Royal Exchange wà ní Manchester, Bristol Old Vic sì ti wà láti ọdún 1766. Irú ilé eré báyìí ni eré tuntun ti sábà máa ń kọ́kọ́ jáde kó tó dé West End. Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ òṣèré gan-an, ibẹ̀ ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún Stratford méjì. Theatre Royal Stratford East wà ní ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà síbi tí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ti ń dúró. Stratford-upon-Avon ni ìlú tí wọ́n bí Shakespeare sí, ibẹ̀ ni ibùjókòó Royal Shakespeare Company tí gbogbo ayé ń pè ní RSC, ó sì lé ní wákàtí méjì láti Lọ́ńdọ̀nù nínú ọkọ̀ ojú irin. Ẹ wo àdírẹ́sì dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Èló ni tíkẹ́ẹ̀tì? Ṣé kì í ṣe eré olówó ni?

Mi ò ní purọ́ fún yín: bí ìlúmọ̀ọ́ká bá wà nínú eré, àga iwájú ní West End lè lé ní £150. Iye yìí ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa, tí wọ́n fi ń sọ pé àwọn kọ́ ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n nínú ilé eré kan náà, lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ẹlòmíràn wà lókè tó san £25, tó sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí olówó gbọ́.

Ọ̀nà láti rí i ní pọ́ọ́kú pọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé eré ló ń ya tíkẹ́ẹ̀tì díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọjọ́ eré gan-an. Day seat tàbí rush ni wọ́n ń pè é, orí fóònù ni wọ́n sì ti ń ta púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Ṣọ́ọ̀bù TKTS tó wà ní Leicester Square ń ta èyí tó bá ṣẹ́kù ní ẹ̀dínwó. Royal Court ti ń fi ọjọ́ Ajé ṣe ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì olówó kékeré tipẹ́. Ní 2003, National Theatre bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọ̀pọ̀ àga ní £10. Owó náà ti gòkè látìgbà yẹn, ṣùgbọ́n àga tí kò gani lápá ṣì wà níbẹ̀. Bí ọmọ yín kò bá tíì pé ọdún 26, ẹ béèrè ẹ̀dínwó ọ̀dọ́ níbikíbi tí ẹ bá dé. Wọn kì í sábà sọ ọ́ bí ẹ kò bá béèrè.

Ọwọ́ ilé eré fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti rà á. Àwọn alágbàtà kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń bu owó gọbọi lé e, ojú ìwé wọn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jáde tí ẹ bá wá orúkọ eré.

Àga wo ni kí n rà?

Stalls ni àga orí ilẹ̀, Dress Circle ni òkè àkọ́kọ́, Upper Circle ló tẹ̀lé e, Balcony ni òkè téńté. Àwọn ilé eré àtijọ́ ga, àtẹ̀gùn wọn dúró ṣánṣán, àga wọn sì há nítorí pé ayé Ọbabìnrin Victoria àti ti ọmọ rẹ̀ Edward ni wọ́n kọ́ púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tí orúnkún ń yọ lẹ́nu kó fóònù ilé eré ṣáájú. Wọ́n máa ń wá àyè tó rọrùn fún un.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Stalls tàn yín. Bí àga yín bá wà lẹ́yìn pátápátá nísàlẹ̀, òkè àkọ́kọ́ á bo orí yín bí òrùlé, kò sì ní jẹ́ kí ẹ rí apá òkè ìtàgé. Ìlà iwájú Upper Circle sàn jùyẹn lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Bí wọ́n bá kọ restricted view sára tíkẹ́ẹ̀tì, òpó tàbí irin kan wà níwájú àga yẹn, ìdí nìyẹn tí owó rẹ̀ fi rọlẹ̀.

Aṣọ wo ni kí n wọ̀?

Èyí tó bá wù yín. Kò sí òfin aṣọ. Ẹ ó rí ẹni tó wọ kóòtù, ẹ ó rí ẹni tó wọ jíǹsì àti bàtà eré ìdárayá. Ìró àti bùbá dára, agbádá náà dára bí àga bá gbà á. Gèlè nìkan ni kí ẹ wé pẹlẹbẹ, torí ẹni tó wà lẹ́yìn yín náà sanwó.

Bí mo bá pẹ́ dé ńkọ́?

Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, ẹ ó sì dúró síta títí wọn yóò fi rí àyè fi yín wọlé. Nígbà mìíràn, ìsinmi àárín eré ni àyè náà. Bí wọ́n bá kọ 7:30, 7:30 ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀.

Eré wo ni kí n kọ́kọ́ lọ wò?

Bí ẹ bá fẹ́ràn orin àti ijó, ẹ lọ wo musical: Les Misérables ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1985, The Phantom of the Opera láti 1986. Ohùn, aṣọ, ìmọ́lẹ̀, ohun gbogbo ló kún ibẹ̀, ojú kì í sì í kúrò lórí ìtàgé.

Tí ẹ bá ní ọmọdé lọ́wọ́, ẹ dúró di ìgbà Kérésìmesì kí ẹ gbé wọn lọ wo pantomime, pàápàá ní Hackney Empire. Ọkùnrin máa ń múra bí ìyá arúgbó, òǹwòran máa ń pariwo mọ́ ọ̀dájú ènìyàn tó wà lórí ìtàgé, wọ́n á kígbe fún akọni pé ọ̀tá wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ pé kí ọmọ dákẹ́. Nínú gbogbo eré Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sún mọ́ bí àwa ṣe ń wo eré jù lọ: a ń dá sí i, a ń gba ẹ̀yìn ẹnìkan, a ń bú ẹnìkejì.

Eré ọ̀rọ̀ ẹnu ni ọkàn tèmi fà sí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré òde òní tí kò gùn, ní ilé eré kékeré bíi Bush tàbí Donmar Warehouse tí àga rẹ̀ kò ju bí 250 lọ. Níbẹ̀, ẹ ó rí òógùn lójú òṣèré.

Gẹ̀ẹ́sì Shakespeare le. Ṣé n óò gbọ́ ọ?

Ẹ ó gbọ́ ọ, bí ẹ bá ti mọ ìtàn náà kí ẹ tó lọ. Àwọn òǹwòran ìgbà ayé Shakespeare pàápàá ti mọ ọ̀pọ̀ nínú ìtàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀; bí òṣèré ṣe máa sọ ọ́ ni wọ́n wá gbọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ máa ń le, lẹ́yìn náà etí á mọ́ ọn. Ẹ wo ọwọ́ àti ojú òṣèré, ẹ má ṣe dúró lórí ọ̀rọ̀ kan tí kò yé yín. Ẹni tó dàgbà sínú oríkì àti ọ̀fọ̀ mọ̀ pé èèyàn lè gba ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kí ó tó lè tú u palẹ̀.

Ohun mìíràn tó ń ṣèrànwọ́: ilé eré ńláńlá ní ọjọ́ tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ òṣèré sójú bọ́ọ̀dù iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé. Captioned performance ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí kò gbọ́rọ̀ dáadáa ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní kí àwa má rà á.

Ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn máa ń dúró wo eré ní Globe?

Lóòótọ́ ni. Àgbàlá tí kò ní òrùlé wà níwájú ìtàgé, nǹkan bí 700 ènìyàn ló ń gbà. £5 ni owó ìdúró níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣì wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tó rọjú jù ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kò gbọdọ̀ jókòó sílẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ ṣí agbòòrùn bí òjò bá dé. Aṣọ òjò onífìlà ni kí ẹ mú lọ, àti bàtà tó rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn. Bí ẹ bá tètè dé, ẹ ó lè fi igbá àyà ti ìtàgé, kí ẹ gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e. Òṣèré á wo ojú yín sọ̀rọ̀, á béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ yín, á tún la àárín yín kọjá pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Yálà ọ̀sán ni tàbí alẹ́, kò sí òkùnkùn tí ẹ lè fara pamọ́ sí. Mi ò tíì rí ibi tí òṣèré àti òǹwòran ti sún mọ́ra báyẹn ní Ìlú Ọba.

Ìtàn ilé náà gan-an tó eré. Ní 1576, James Burbage kọ́ ilé eré kan sí Shoreditch. Nígbà tí ìjà ilẹ̀ dé láàrin àwọn òṣèré àti onílẹ̀, wọ́n tú ilé náà palẹ̀ nígbà òtútù ní ìparí 1598, wọ́n kó igi rẹ̀ sọdá odò, wọ́n sì fi kọ́ Globe ní 1599. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1613, wọ́n yin àgbá nínú eré Henry VIII, iná ta sí koríko òrùlé, ilé jóná kanlẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ṣòkòtò ọkùnrin kan gbiná, ọtí bíà ni wọ́n fi pa á. Wọ́n tún ilé kọ́ ní 1614, àwọn ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó kórìíra eré sì ti gbogbo ilé eré pa ní 1642.

Ará Amẹ́ríkà kan, òṣèré Sam Wanamaker, ló tiraka ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tún un kọ́. Ó kú ní 1993, wọ́n ṣí Globe tuntun ní 1997. Koríko ni wọ́n fi bo òrùlé rẹ̀, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láàyè ní Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà iná ńlá ọdún 1666, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi wà lórí rẹ̀ báyìí.

Báwo ni eré kan ṣe lè lé ní 70 ọdún lórí ìtàgé?

The Mousetrap, eré ìpànìyàn tí Agatha Christie kọ, lẹ ń béèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 1952 ní Ambassadors, ó kó lọ sí St Martin's tó wà nítòsí ní 1974, kò sì dúró àfi ìgbà tí àrùn Kòrónà ti ilé eré pa ní oṣù Kẹta 2020. Wọ́n ṣí i padà ní oṣù Karùn-ún 2021.

Òṣèré mẹ́jọ péré ló ń lò, inú yàrá kan ṣoṣo ló ti ń ṣẹlẹ̀, nítorí náà ìnáwó rẹ̀ kò pọ̀. Wọ́n ń pààrọ̀ òṣèré lóòrèkóòrè. Lẹ́yìn eré, òṣèré kan á bẹ òǹwòran pé kí wọ́n má sọ ẹni tó pànìyàn fún ẹnikẹ́ni níta, òǹwòran sì ti ń pa á mọ́ láti ìran dé ìran. Ní báyìí, àwọn àlejò ń lọ wò ó bí wọ́n ṣe ń lọ wo ààfin ọba. Eré tó dára jù ú lọ pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí àwọn òṣèré fi ń mú un mọ́ tónítóní.

Ṣé òṣèré kan náà ló ń ṣe é lójoojúmọ́?

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ lọ́sẹ̀ ni ìṣe West End: alẹ́ mẹ́fà, ọ̀sán méjì. Bí ara òṣèré kò bá yá, adelé ń bẹ. Understudy ni wọ́n ń pè é, ó ti há gbogbo ọ̀rọ̀ sórí, ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa wà nígbà gbogbo, ó sì lè lo oṣù mẹ́ta láì gorí ìtàgé rárá. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá pè é, wákàtí díẹ̀ ló ní láti múra. Ẹ kíyè sí ìwé kékeré tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ẹ bá rí orúkọ adelé níbẹ̀, ẹ má bínú, ẹ pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa.

Kí ló dé tí òṣèré kì í dárúkọ Macbeth nínú ilé eré?

Èèwọ̀ ni. Wọ́n gbà pé orúkọ eré Shakespeare yẹn ń fa jàǹbá, nítorí náà "eré Scotland" ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ṣì í sọ á jáde síta, á yí po lẹ́ẹ̀mẹta, á tutọ́, á sì kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó gbà á wọlé padà. Àwọn àgbà òṣèré tó kàwé jinlẹ̀ ń pa èèwọ̀ yìí mọ́ di òní olónìí.

Kí ló dé tí ìlúmọ̀ọ́ká sinimá ń padà sórí ìtàgé nígbà tí owó ibẹ̀ kò tó ti sinimá?

Nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́, ibẹ̀ náà sì ni òǹwòran ti ń dá wọn lóhùn lójú ẹsẹ̀. Judi Dench, Maggie Smith tó kú ní 2024, Ian McKellen, Mark Rylance tó jẹ́ olùdarí àgbà àkọ́kọ́ ní Globe, gbogbo wọn ló ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí ìtàgé kí ayé tó mọ̀ wọ́n lójú àwòrán. Glenda Jackson fi eré sílẹ̀, ó di aṣòfin fún ọdún mẹ́tàlélógún, ó sì padà wá ní 2016, lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, láti ṣe King Lear ní Old Vic. Ipa ọba arúgbó ni, ó gun, ó sì le; òun obìnrin ló ṣe é.

Ṣé àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú iṣẹ́ yìí?

Wọ́n wà, ó sì ti pẹ́. Orlando Martins, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1899, ti ń ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù ṣáájú ogun àgbáyé kejì. Ní 1936, òun àti Paul Robeson, òṣèré àti olórin dúdú ará Amẹ́ríkà, jọ wà nínú eré lórí Toussaint Louverture, aṣáájú ìjà òmìnira ẹrú ní Haiti, ní Westminster Theatre. Ó padà sí Èkó lọ́jọ́ ogbó, ibẹ̀ ló kú sí ní 1985. Orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà lẹ́nu wa ju bó ṣe wà lọ.

Wọlé Ṣóyínká parí ẹ̀kọ́ ní Leeds, ó sì di ẹni tó ń ka ìwé eré tuntun fún Royal Court. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe The Invention rẹ̀ ní 1959. Stratford East ló kọ́kọ́ gbé The Road jáde ní 1965, National Theatre sì ní kí ó kọ The Bacchae of Euripides, tí wọ́n ṣe ní Old Vic ní 1973. Ní 2009, National Theatre gbé Death and the King's Horseman, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ sí Ikú Olókùn-Ẹṣin, sórí ìtàgé rẹ̀ tó tóbi jù. Nonso Anozie ló ṣe Ẹlẹ́ṣin. Àwọn òṣèré dúdú ló sì kun ojú ní funfun láti ṣe àwọn òyìnbó inú eré náà.

Nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́: David Oyelowo ni dúdú àkọ́kọ́ tí RSC fi ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì nínú eré Shakespeare, nígbà tó ṣe Henry VI ní 2000, ó padà wá ṣe Coriolanus ní National Theatre ní 2024. John Boyega, ọmọ Peckham, ṣe Woyzeck ní Old Vic ní 2017. Fẹ́mi Elúfowójù dá ẹgbẹ́ òṣèré Tiata Fahodzi sílẹ̀ ní 1997. Bọ́lá Agbájé kọ Gone Too Far! fún Royal Court ní 2007, lórí ọmọ ìyá méjì, ọ̀kan dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ Olivier, tí wọ́n ń fún iṣẹ́ tíátà tó tayọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọdún tó tẹ̀lé e. Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń tijú orúkọ Yorùbá rẹ̀, ẹ wá ìwé eré yẹn fún un.

Ṣé wọ́n ti ṣe eré ní èdè Yorùbá lórí ìtàgé ńlá níbẹ̀ rí?

Bẹ́ẹ̀ ni. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So wá sí àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà Commonwealth ní 1965. Ní 2012, Globe pe ẹgbẹ́ òṣèré káàkiri ayé láti ṣe eré Shakespeare 37 ní èdè 37. Yorùbá gba The Winter's Tale. Ẹgbẹ́ Renegade Theatre láti Èkó, tí Wọlé Ògúntókun darí, ló ṣe é ní oṣù Karùn-ún, wọ́n sì pè é ní Ìtàn Ògìnìntìn.

Wọn kò túmọ̀ ọ̀rọ̀ lásán. Ọba onílara inú ìtàn di Ṣàngó, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fura sí di Ògún, ìyàwó tó fẹ̀sùn kàn di Ọya. Ẹni tó bá mọ ìtàn àwọn mẹ́ta yìí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owú láàrin wọn kì í ṣe àlejò. Lójú tèmi, eré náà tilẹ̀ nítumọ̀ báyẹn ju bó ṣe wà nínú Gẹ̀ẹ́sì lọ, torí nínú ti Shakespeare, owú ọba yẹn bẹ̀rẹ̀ lójijì láìnídìí.

Ilé ni mo wà, mi ò rí físà. Báwo ni mo ṣe lè wò ó?

National Theatre bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré hàn ní ilé sinimá ní oṣù Kẹfà 2009, pẹ̀lú Phèdre tí Helen Mirren ṣe. Ní ìparí 2020, wọ́n ṣí National Theatre at Home, níbi tí ẹ ti lè sanwó oṣù kan tàbí owó eré kan ṣoṣo kí ẹ wò ó lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà púpọ̀ ni wọ́n fi ń yà á, ojú òṣèré hàn ketekete. Kò tó kéèyàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára púpọ̀ fún ẹgbẹ́ òṣèré tàbí kíláàsì tó fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fi dúdú ṣe ọba Gẹ̀ẹ́sì? Ṣé ìtàn kọ́ nìyẹn?

Ní ayé Shakespeare, ọmọdékùnrin ló ń ṣe obìnrin. Ní 1660 ni obìnrin tó gorí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́. Juliet àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin, Cleopatra àkọ́kọ́ jẹ́ ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì. Eré kì í ṣe ìwé ìbí. Adrian Lester ṣe Henry V ní National Theatre ní 2003, Paapa Essiedu tí ìdílé rẹ̀ ti Gánà wá ṣe Hamlet fún RSC ní 2016, Cush Jumbo tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ṣe Hamlet kan náà ní Young Vic ní 2021, obìnrin sì ni. Ẹni tó bá jókòó tì wọ́n fún ìdajì wákàtí á ti gbàgbé ìbéèrè yìí.

Ta wá ló yẹ kó ṣe Othello?

Othello ni ọ̀gágun dúdú inú eré Shakespeare tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́, ó sì dunni. Ira Aldridge, ọmọ dúdú tí wọ́n bí ní New York ní 1807, ti ṣe Othello ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1825. Ní 1833, Edmund Kean, òṣèré òyìnbó, ṣubú lulẹ̀ lórí ìtàgé Covent Garden nígbà tó ń ṣe Othello, wọ́n sì pe Aldridge láti rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún yẹn gan-an ni ilé aṣòfin ń jiyàn lórí òmìnira ẹrú. Àwọn ìwé ìròyìn kan fi àwọ̀ rẹ̀ bú u, alẹ́ méjì péré ló sì lò níbẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn ọba dá a lọ́lá, ó kú ní Łódź ní 1867.

Paul Robeson ṣe é ní Savoy ní 1930. Síbẹ̀, ní 1964, Laurence Olivier kun ara rẹ̀ ní dúdú láti ṣe é ní National Theatre, àwọn èèyàn sì yìn ín. Ó di òde òní kí àṣà yẹn tó dópin. Chiwetel Ejiofor ṣe é ní Donmar ní 2007, ó fi gba àmì ẹ̀yẹ Olivier. Èmi gbà pé ipa yẹn jẹ́ ti òṣèré dúdú. Ìgbà tí ilẹ̀kùn gbogbo ipa yòókù bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn tán, a lè tún un sọ.

Ṣé ìjọba lè dá eré dúró?

Kò lè ṣe é bíi tàtijọ́. Láti 1737 títí di 1968, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé eré tuntun jáde fún gbogbo ènìyàn láìjẹ́ pé ìjòyè ààfin tí wọ́n ń pè ní Lord Chamberlain ti kà á, tó sì fọwọ́ sí i. Ó lè pa gbólóhùn rẹ́, ó lè kọ gbogbo eré. Ní 1965, Royal Court sọ ara rẹ̀ di ẹgbẹ́ aládàáni kí wọ́n tó lè ṣe Saved ti Edward Bond, síbẹ̀ wọ́n gbé wọn lọ sí kóòtù. Òfin náà kú ní oṣù Kẹsàn-án 1968. Ọjọ́ kejì ni eré olórin tó ń jẹ́ Hair bẹ̀rẹ̀ ní West End. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà fòfin de Yorùbá Ronú ti Hubert Ògúńdé ní 1964, òfin yìí ṣì wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ilé wa nìkan ni irú rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Owó ni ìjà òde òní. Ìjọba ń fún National Theatre, RSC, Royal Court àti ọ̀pọ̀ ilé eré ìgbèríko lówó ìrànwọ́ nípasẹ̀ Arts Council, àjọ tó ń pín owó fún iṣẹ́ ọnà. Globe kì í gba irú owó ọdọọdún yìí, tíkẹ́ẹ̀tì, àlejò àti ọrẹ ló fi ń gbéra. Bí owó ìrànwọ́ bá dínkù, eré tuntun látọwọ́ òǹkọ̀wé tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló kọ́kọ́ ń jìyà, kì í ṣe ìlúmọ̀ọ́ká.

Ọmọ mi ní òun fẹ́ ṣe òṣèré. Ṣé kí n gbà?

Ìbéèrè yìí ni àwọn òbí máa ń rọra bi mí nígbà tí ọmọ kò bá sí nítòsí. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ ni. RADA, ilé ìwé òṣèré, ti wà láti 1904. Òun, LAMDA àti Guildhall ń fúnni ní dígírì, ọdún mẹ́ta sì ni. Oyelowo jáde ní LAMDA, Cynthia Erivo jáde ní RADA. Wọn kì í wo èsì ìdánwò ilé ìwé tó bí wọ́n ṣe ń wo ohun tí ọmọ bá ṣe níwájú wọn: ọ̀rọ̀ kan láti inú eré àtijọ́, ọ̀rọ̀ kan láti inú eré òde òní, ìṣẹ́jú díẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àìmọye ọmọ ló ń gbìyànjú, díẹ̀ ni wọ́n ń mú, ọ̀pọ̀ tó wọlé ló sì ti gbìyànjú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ilé ìwé ńlá nìkan kọ́ ni ọ̀nà. Identity School of Acting tí Femi Oguns dá sílẹ̀ ní 2003 ni Boyega gbà kọjá, National Youth Theatre náà sì wà láti 1956. Young Vic àti Theatre Royal Stratford East ní ètò fún ọ̀dọ́ àdúgbò wọn, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ń tètè jí fún un.

Ní ti owó, òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ òṣèré ló ń ṣe iṣẹ́ mìíràn láàrin eré kan sí èkejì: wọ́n ń kọ́mọ, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ilé oúnjẹ, wọ́n ń ka ìwé sórí ẹ̀rọ. Kí ọmọ ní iṣẹ́ kejì tó lè fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá pè é, kí ó sì wọ ẹgbẹ́ Equity, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ti ń gbèjà òṣèré láti 1930, tó ń bá ilé eré ṣe àdéhùn owó iṣẹ́ tó kéré jù. Bí ó bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ó sì ṣì ń kọ́ ọ̀rọ̀ Hamlet níwájú dígí láago mẹ́fà òwúrọ̀, ẹ gbà fún un, kí ẹ sì lọ jókòó sílà iwájú lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ gorí ìtàgé.